Ṣúgà Tó Pa Aró Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, tí ẹ ń da orí rò pé iṣẹ́ wo ni ẹ ó mú, ẹ jókòó. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe lọ́yà, n kò sì tajà rí. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bá bi mí pé kí ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, mo máa ń dá wọn lóhùn pé mo ń so ṣúgà mọ́ nǹkan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Títí, ṣé kí ó lè dùn ni?" N ó ní rárá o, kí ó lè dákẹ́ ni. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu wọn.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo sì dàgbà sí. Màmá Àgbà là ń pè wọ́n. Aláró ni wọ́n, ẹ̀yìnkùlé wọn kún fún ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró. Bí o bá já ewé ẹ̀lú lórí igi, ewé lásán ni, tútù yọ̀yọ̀, kò sí aró kankan lójú rẹ̀. Àfi bí o bá gún un nínú odó. Kí o tó yíjú padà, ó ti ń dúdú. Wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú, yóò sì wà níbẹ̀ títí yóò fi kan.

Ìkòkò aró máa ń mí. N kò pa àlọ́ fún yín o. Bí ẹ bá gbé etí sí ẹnu rẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọ: fúù, yóò dákẹ́, fúù, yóò tún dákẹ́. Láràárọ̀ ni Màmá Àgbà máa ń mú mi kúnlẹ̀ kí n gbọ́ ọ, kí n tó bọ́jú. "Èwo ló ń sùn? Èwo ló ti jí?" Bí mo bá ṣì í, ìfọ́tí ni. Bí mo bá gbà á, wọn kò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn kọjá sí ìkòkò tó kàn. Lẹ́yìn etí, ó kan ahọ́n. A ó ti ìka bọ inú aró, a ó tọ́ ọ wò, torí ahọ́n ni aláró fi ń mọ̀ bóyá eérú ti pọ̀ jù. Wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pe orúkọ ènìyàn nígbà tí ìkòkò bá ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní aró á gbé orúkọ náà mì. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà. Ẹ má bi mí bóyá mo ṣì gbà á gbọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni yóò ní nígbà tó bá jáde, a ó sì sá a sórí okùn. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn yóò ti fẹ́ sí i, tí aró yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ lójú yín, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo sá wọlé.

Àṣà kan wà ní agbo ilé wa, n kò mọ̀ bóyá àwọn aláró ibòmíràn ń ṣe é. Bí ọmọ iṣẹ́ bá mọ iṣẹ́ tán, kì í ṣe ìwé la fi ń tú u sílẹ̀. Yóò wọ bùbá funfun, yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú aró dé ọrùn ọwọ́, á fi lé ọmọ náà lẹ́yìn, á sì mú un kúrò. Àmì ọwọ́ yẹn kì í lọ mọ́. Ọjọ́ náà ni ọmọ iṣẹ́ tó lè dá ìkòkò tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tí kò rí i gbà bá ń ṣe fọ́ńté láàárín àwọn aláró, ohun tí wọ́n á sọ fún un ni pé, "Yíjú padà ká rí ọwọ́ lẹ́yìn rẹ."

Èmi kò rí tèmi gbà. Màmá Àgbà máa ń ṣèlérí rẹ̀ fún mi bí a bá ń gún ẹ̀lú, wọ́n á fi ohùn Oǹdó wọn sọ pé, "Ọghọ́ mi á dé ẹ̀yìn ẹ." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo kúnlẹ̀ ti ìkòkò àkọ́kọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo lọ sí ìkejì, n kò gbọ́. Mo lọ yíká gbogbo wọn tán. Kò sí èyí tó ń mí. Mo sáré wọ yàrá láti lọ sọ fún Màmá Àgbà, mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n ti tutù. Àwọn ẹbí da aró náà sẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ṣì dúdú di òní. Èmi lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú ẹ̀yìn òfìfo.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ ní yunifásítì kò gba àlàyé, owó rẹ̀ tó jẹ gaàrí, kò tó kọ́ ilé. Olùtọ́jú lábù ni mí. Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fálọdún, ọmọ Ìjàrẹ̀, ni ọ̀gá mi. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún wọn sì yà sọ́tọ̀ gedegbe, torí àdá oko kòkó ti bá a nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ó sì jinná síbi tó wù ú. Baba Máfọwọ́kàn-án ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Bí o bá wọ lábù, kí o tó kí wọn tán, "Má fọwọ́ kàn án!" ni yóò kọ́kọ́ jáde. Wọn kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́. N kò rí i kí wọ́n gbá ẹnikẹ́ni léjìká rí, títí kan àwọn tó gba oyè ńlá lábẹ́ wọn.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ aláró ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n wo omi kan nínú ìgò bóyá ó ti ṣe. Mo ṣí i, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò! Ẹ̀mí mi kò tilẹ̀ sọ fún mi pé mo ti ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá kò pariwo. Ohùn wọn tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí i ni.

"Ìyáàfin Akíntàn, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Rárá, sà. Ẹ má bínú, sà. Bí a ṣe máa ń ṣe é nílé nìyẹn."

"Ilé ta?"

Wọn kò dúró de èsì. Wọ́n ní kí n lọ fọ ẹnu, kí n sì wá dúró ti ògiri, kí n kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo wà títí àsìkò òjò fi kọjá, mò ń wò, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́pàá ògiri ni mí. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ojú tí mo fi wo iṣẹ́ láti ara ògiri yẹn, òun ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n di ìgò mú, ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Kóòtù funfun tí a ń wọ̀ lé aṣọ ní lábù ní òfin tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ jáde, a kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ nílé kí ó tó gba inú ìkòkò oníná tó ń pa kòkòrò kọjá, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí a ń sìn. Nígbà tí mo dé, ìkòkò ìsebẹ̀ onídèérí líle lórí sítóòfù kẹrosíìnì ni a fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ ńlá ti dé kí n tó kúrò. Gíláàsì gígùn ni a kọ́kọ́ fi ń wọn omi, nígbà tó yá a di ẹni tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ kékeré kan lásán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ọ̀gá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ṣúgà. Wọ́n mú gbágùúdá dání.

"Májèlé wà nínú èyí. Kí ló dé tí kò fi pa gbágùúdá fúnra rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ṣúgà ni. Ẹ́ńsáìmù kan, òṣìṣẹ́ tí ojú kò rí, wà nínú rẹ̀ tó so ṣúgà mọ́ májèlé yẹn lọ́rùn. Ó fi dè é mọ́lẹ̀. Tí eku bá wá bu ún jẹ, tàbí tí ẹ bá rin ín, ẹ́ńsáìmù kejì á já okùn yẹn, májèlé á sì dìde. Ọ̀kan ń so, ọ̀kan ń já. Bí ewé ṣe ń tọ́jú ohun tó bá burú tàbí tó bá ṣe iyebíye nìyẹn. Ẹ̀lú náà nìyẹn."

Aró wà nínú ewé tútù láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣúgà ló pa á lẹ́nu mọ́! Odó Màmá Àgbà ló ń tú okùn rẹ̀, atẹ́gùn ló sì ń pa á láró. Ẹnu mi yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá: ìkòkò tó ń mí, orúkọ tí a kì í pè, ọwọ́ tí a ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn, àti bí n kò ṣe rí tèmi gbà. Wọ́n tẹ́tí títí mo fi parí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, àbí tòsì?"

"Ọ̀tún ni, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Láti ìgbà náà ni a ti dáwọ́ lé aró. Àwọn aláró òde òní kì í lo omi eérú mọ́, sódà àti kẹ́míkà ni. Ó ń bó wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń dà á sódò. Èrò Ọ̀gá ni pé kí a yọ àṣẹ tí ewé ẹ̀lú fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń so ṣúgà, ohun tí wọ́n ń pè ní jíìnì, kí a fi í sínú kòkòrò àìfojúrí tí a ti kọ́ ní aró ṣíṣe. Bí kòkòrò náà bá ti ń ṣe aró ni ẹ́ńsáìmù yóò máa so ó mọ́ ṣúgà, omi inú ìgò kò sì ní láwọ̀ kankan. A ó rẹ aṣọ sínú rẹ̀, a ó wá ta ẹ́ńsáìmù tó ń já okùn sí i, aró á sì jáde lára aṣọ láìsí sódà. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń mú kí oògùn tí kò fẹ́ yòrò lómi yòrò, tí wọ́n sì fi ń mú ìkorò kúrò lára ewé tó wúlò.

Kí a tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹ̀fun aró oníṣúgà tí wọ́n ṣe lókè òkun ni a fi ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá dà sílẹ̀, o kò ní rí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ti wá. Ará Ìlú-Àbọ̀ ni, òun ló ń gbálẹ̀ fún wa. Ní àsìkò òjò kan tí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbẹ rárá, ó pariwo láàárọ̀, a sáré jáde. Ipasẹ̀ ènìyàn ni, aró pọ́ńbélé, lórí sìmẹ́ńtì. Kò sí nílẹ̀ nígbà tó gbálẹ̀ lánàá. Ó ti ẹnu ọ̀nà lábù lọ tààrà, ìka ẹsẹ̀ hàn kedere, títí ó fi dé ara ògiri. Kò yà. Kò padà.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Uṣẹ́ yìí kè é ṣe temi mọ́! Mò ń re ulé mi!"

Ọ̀gá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Wọ́n ní ẹnìkan ti tẹ ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà pípẹ́ sẹ́yìn, kò sí ẹni tó rí i torí ṣúgà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rinrin ni ó mú ìhọ́n hu síbẹ̀, irú èyí tó ń hu lára búrẹ́dì tó ti bu, ìhọ́n sì ní ẹ́ńsáìmù tó ń já ṣúgà. Àlàyé náà dán mọ́rán. Ìyá Bọ́sẹ̀ wò wọ́n.

"Ó dáa, sà. Ta ló wá ń rìn láìwọ bàtà nínú lábù yín?"

Ọ̀gá, tí wọn kì í jẹ́ kí eṣinṣin wọ lábù láìwọ bàtà, ní kí a lọ pọn omi wá. A fọ ilẹ̀ náà, a fọ̀ ọ́ tì. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní ti iṣẹ́ wa, ìgò kan lẹ́yìn òmíràn ló ń dúdú. Àwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ẹ́ńsáìmù kò so ṣúgà, aró ti bọ́ sílẹ̀ kí okùn tó dé ọrùn rẹ̀. Ẹ wò mí, ọmọ aláró, tó ń gbàdúrà láràárọ̀ kí aró má wá! Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, èmi ni mò ń ráhùn pé ó pọ̀ jù. Ọ̀gá kò rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n á tún àṣẹ ewé náà tò, wọ́n á tún un gbìn. Gbogbo irú kòkòrò wa wà nínú fírísà ńlá kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni àjálù náà dé. Iná lọ lópin ọ̀sẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, wọ́n sì ti ẹni tó yẹ kó tún un ṣe mọ́ ẹ̀yìn géètì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, omi kí mi káàbọ̀ lẹ́sẹ̀. Fírísà ti yọ́. Gbogbo ìgò kéékèèké tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún tò ló ti di omi lásán, òórùn rẹ̀ kò ṣeé rò. Ẹ̀rọ tó ń mi ìgò lórí tábìlì náà ti dúró. Ìgò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Ọ̀gá fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wò ó: omi orí rẹ̀ mọ́ gaara, kò ní àwọ̀ kankan. Mo ní èyí náà ti kú, kòkòrò tó ti kú kò lè ṣe aró.

Mo bọ́ kóòtù funfun mi, mo fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, mo wọ épírọ̀n rọ́bà, mo kúnlẹ̀ mo ń gbọ́n omi. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá bá mi. Mo gbọ́ ìró bàtà wọn, n kò lè gbójú sókè, omijé ti bò mí lójú. Wọ́n dúró níwájú fírísà. Wọ́n lọ sídìí tábìlì. Mo gbọ́ tí wọ́n da omi sínú abọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n rìn gba ẹ̀yìn mi kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀, n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé wọn kò fọ ọwọ́. Ọ̀gá tí kì í jáde ní lábù láìfọ ọwọ́!

"Ìyáàfin Akíntàn."

"Sà."

"Ẹ má fọ kóòtù yín."

Wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn, kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́," kò sí "kí ló ṣẹlẹ̀." Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ wa létí ní gbogbo ìgbà ni, pé ká má fọ kóòtù nílé. Mo rò ó pé inú ló bí wọn débi pé òfin nìkan ló kù tí wọ́n lè sọ. Mo da omi abọ́ yẹn pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí tó kù, mo fi oògùn pa gbogbo rẹ̀. Àwọn aláṣẹ yunifásítì ti lábù pa, wọ́n ní kí kálukú kó ẹrù rẹ̀. Mo ká kóòtù mi sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ṣubú lójú ọ̀nà Ìjàrẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ó mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì mú ohùn lọ. Mo lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn là. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú mú ní ọrùn ọwọ́, wọ́n gbé e sókè, wọ́n kọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, wọ́n sì ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Òógùn ń bọ́ lójú wọn. Ìka kékeré yẹn ṣì yà sọ́tọ̀.

Ìyàwó wọn fà mí ní ọwọ́ aṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ ò rí i pé wọ́n ní kí ẹ máa lọ ni?"

Mo padà lọ nígbà mìíràn, ọwọ́ yẹn kan náà ni wọ́n nà sí mi. N kò lọ mọ́. Mo ní ènìyàn tó lè forí ṣe fọrùn ṣe gbé ọwọ́ tó ti kú sókè kí ó lè fi lé mi lọ, ìbínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n ní Ìjàrẹ̀, ẹ̀yìn èrò ni mo dúró sí. Àwọn ènìyàn ń rẹ̀ mí lẹ́kún pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Mo ń wo pósí, mo ń sọ nínú ara mi pé àti omi, àti agbè, èwo ló kù?

N kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n tún lábù ṣí. Dókítà Bísí, akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gá, ló gba ipò wọn, mo sì bá a ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. A so ṣúgà mọ́ ìkorò ewúro, a so ó mọ́ oògùn, ó ń yọrí. Lóde òní, ẹ ó kọ̀wé ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára, jíìnì á dé bí eruku nínú páálí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dárúkọ aró Ọ̀gá, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín sí abẹ́ ahọ́n, pé Baba fi ayé wọn lé ẹ́ńsáìmù tí kò ṣiṣẹ́ rí. Ó ń dùn mí. N kò sì ní ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Bí mo bá sì fẹ́ sùn, àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni mo máa ń rí.

Èṣín ni mo padà sí ilé Màmá Àgbà ní Oǹdó. Òjò ọdún yìí ni ó gba ojú páànù tó jò wọ yàrá ẹ̀yìn, ibi tí mo kó àpótí mi sí. Ní àárọ̀ kan tí ojú ọjọ́ ṣú, mo wọ yàrá náà, òórùn aró pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe òórùn ìhọ́n lásán, ẹ̀yin ọmọ. Òórùn ìkòkò tó ti jí ni, nínú ilé tí wọn kò ti rẹ aró láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Mo dúró. Etí mi ń wá ìró yẹn láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Mo sún mọ́ àpótí tí òórùn náà ti ń wá, mo ṣí i.

Kóòtù mi ló wà lókè, nínú ọ̀rá tí eku ti jẹ ya. Omi ti wọ̀ ọ́, ìhọ́n ti hu sí i. Mo gbé e síwájú fèrèsé, mo nà án.

Ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni, aró dúdú minijọ, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ní àárín gbùngbùn ẹ̀yìn, ibi tí Màmá Àgbà ìbá fi tiwọn sí. Ìka kékeré rẹ̀ yà sọ́tọ̀ gedegbe.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi. Ìgò yẹn kò kú! Kòkòrò inú rẹ̀ ló kàn sùn sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dúró. Ká ní aró ti bọ́ lọ́wọ́ ṣúgà ni, dúdú ni ìgò náà ìbá dà. Ká ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni, ìhọ́n kò ní rí okùn kan já lára kóòtù mi láéláé. Ẹ́ńsáìmù Ọ̀gá ti ṣiṣẹ́. Bóyá wọ́n ti dán an wò lọ́jọ́ Jímọ̀, bóyá ojú lásán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, n kò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo ń sunkún lórí omi tó dànù, ọ̀gá mi da omi iṣẹ́ ayé wọn sínú abọ́, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fi tú mi sílẹ̀ bí ọmọ aláró. Ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe pé wọ́n ń lé mi. Ọwọ́ tó ti kú ni wọ́n ń gbé sókè, kí wọ́n lè sọ fún mi pé kí n lọ wo ẹ̀yìn mi.

Mo pe Dókítà Bísí. Mo ròyìn ohun tí mo rí fún un lórí fóònù.

"Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìka kékeré yẹn ni, Dókítà. Ó yà."

Mo gbọ́ tó ń fọn imú. Ó ní ìtò jíìnì yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, pé òun á ní kí wọ́n tún un ṣe, pé òun ń bọ̀ ní Oǹdó fúnra òun láti wá wò ó. Ó sì fi kún un kíá, "Mọ́mì, ẹ má fọ̀ ọ́ o!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní kí n sọ bóyá iṣẹ́ mi dára fún yín. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ni, tí ọ̀gá rẹ̀ lè máà yìn yín títí láé, tí ẹ ó sì máa wo omi tí kò ní àwọ̀ láìmọ̀ bóyá ó kún tàbí ó ṣófo. Èmi yóò tún mú un tí mo bá tún ayé wá.

Mo sá kóòtù náà, ó gbẹ. Láàárọ̀ àná mo wọ̀ ọ́, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé lórí ilẹ̀ dúdú yẹn, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìkòkò wọn wà tẹ́lẹ̀, kí Màmá Àgbà náà lè rí i.